Ìpàtẹ ìtàn ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara

Ìpàtẹ ìtàn ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara jẹ́ àfihàn fún gbogbo ènìyàn, nínú èyí tí a ti ń fi àwòrán, ìwé, ohun èlò, ohùn àti fídíò sọ bí àwọn aláàbọ̀ ara ṣe jà kí òfin àti àwùjọ lè kà wọ́n sí ọmọ ìlú tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé. Ó yàtọ̀ sí àfihàn nípa ìṣègùn tàbí iṣẹ́ àánú, nítorí pé àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn ni wọ́n dúró gẹ́gẹ́ bí olùṣe nínú ìtàn náà. A lè gbé e kalẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé ìkàwé, ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ẹ̀bá èbúté. Ìpàtẹ ti Washington ní ọdún 2000, ti Berkeley ní ọdún 2015 àti ti Manchester ní ọdún 2022 wà lára àwọn tí a mọ̀ jùlọ.

Abala 30 nínú Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ àwọn Aláàbọ̀ Ara, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2006, dárúkọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní tààrà gẹ́gẹ́ bí ibi tí aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti wọ̀. Nítorí náà, ìpàtẹ tí ó ń sọ ìtàn ìjà yìí tún jẹ́ ibi tí a ti ń dán ohun tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ náà jà fún wò: bí ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ kò bá lè wọlé, tàbí kò lè ka ohun tí a kọ, ìpàtẹ náà ti tako ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àti orúkọ

Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ Yorùbá fọwọ́ sí fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ máa ń dárúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ara: afọ́jú, adití, arọ, abuké, àfín. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ wọ orúkọ ohun èlò. "Kẹ̀kẹ́ arọ" ni ọ̀pọ̀ aráàlú ń pe àga onítáyà tí ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn ń lò. "Abirùn" pa àìsàn àti ìyàtọ̀ ara pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. "Aláàbọ̀ ara" ni ìwé ìròyìn àti rédíò máa ń lò fún gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n "àbọ̀" túmọ̀ sí ìdajì, àwọn kan sì kọ̀ ọ́ nítorí pé ó dún bí ẹni pé ènìyàn náà kò pé. "Akàndá ẹ̀dá" àti "ẹni tí ó ní ìpèníjà ara" ni àwọn mìíràn fẹ́ràn jù.

Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, a ń pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà. Ìtàn sọ pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, pé ó mu ẹmu títí ó fi yó ní ọjọ́ kan, àwọn tí ó mọ ní ọjọ́ náà sì yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Láti ìgbà náà ni àwọn olùsìn rẹ̀ kì í ti í mu ẹmu, tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sì wà lábẹ́ ààbò òrìṣà. Ìtàn yìí fún wọn ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó tún yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ère alámọ̀ Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́ náà ní àwọn tí a mọ pẹ̀lú àmì àìsàn àti ara tí ó yàtọ̀, èyí tí ó fi hàn pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò fara sin fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ìgbà náà.

Ẹni tí ó ń ṣètò ìpàtẹ gbọ́dọ̀ yan ọ̀rọ̀ tí yóò kọ sára ògiri, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá yàn ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò mú lọ sílé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìpàtẹ ń ṣe ni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé àtijọ́, wọ́n sì lo ọ̀rọ̀ tí àwọn aláàbọ̀ ara ìsinsìnyí fara mọ́ nínú àlàyé tiwọn.

Àwọn ìpàtẹ tí ó ṣí ọ̀nà

Washington, 2000

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2000, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìtàn Amẹ́ríkà ti Smithsonian ṣí ìpàtẹ kan nípa ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, láti sàmì ọdún kẹwàá tí Ààrẹ George H. W. Bush fọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1990. Lára ohun tí a pàtẹ ni báàjì, ẹ̀wù tí a kọ ọ̀rọ̀ ìwọ́de sí, pátákó ìwọ́de àti kẹ̀kẹ́. Àwọn ohun kéékèèké tí ènìyàn máa ń sọnù lẹ́yìn ìwọ́de di ẹ̀rí ìtàn nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè.

Berkeley, 2015

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2015, Ilé Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Paul K. Longmore ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ San Francisco ṣí ìpàtẹ tí a pè ní Patient No More. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni ó dá lé: bí àwọn aláàbọ̀ ara ṣe jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní San Francisco ní ọdún 1977.

Òfin kan ti wà láti ọdún 1973 tí abala 504 rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ tí ó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí àléébù ara. Ọdún mẹ́rin kọjá, ìjọba kò fọwọ́ sí ìlànà tí yóò mú òfin náà ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1977, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ wọ ọ́fíìsì ìjọba ní ìlú mélòó kan. Ní San Francisco, nǹkan bí 150 ènìyàn ni ó dúró síbẹ̀, tí wọ́n sì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà tí wọ́n gé tẹlifóònù, àwọn adití dúró lójú fèrèsé, wọ́n fi èdè ọwọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó wà níta. Àwọn kan nílò oògùn tí ó gbọ́dọ̀ tutù; wọ́n lẹ àpótí kan mọ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì di fíríìjì wọn. Ẹgbẹ́ Black Panther ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá lójoojúmọ́, nítorí pé Brad Lomax, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí ó ń lo kẹ̀kẹ́, wà láàárín àwọn tí ó jókòó. Judy Heumann àti Kitty Cone wà lára àwọn aṣáájú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, Mínísítà Joseph Califano fọwọ́ sí ìlànà náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kópa nínú gbígba ohùn àwọn tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ ogbó tó mú wọn lọ, ohùn wọ̀nyí sì di òpómúléró ìpàtẹ náà. Ed Roberts Campus tí wọ́n gbé e sí jẹ́ ilé tí ọ̀nà pupa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan yí ká láàárín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn àti ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ń gbà pọ̀. Orúkọ ilé náà wá láti ọ̀dọ̀ Ed Roberts, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní ọmọ ọdún 14, tí ó sì wọ Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 1962.

Manchester, 2022

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, People's History Museum ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ìpàtẹ Nothing About Us Without Us, tí ó dúró títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Àwọn aláàbọ̀ ara ni ó kópa nínú yíyan ohun tí a pàtẹ. Àkọlé rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí pé kí a má ṣe ohunkóhun nípa wa láìsí wa níbẹ̀, jẹ́ gbólóhùn tí ó tàn ká ayé láti ẹnu àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ Gúúsù Áfíríkà bíi William Rowland àti Michael Masutha ní àwọn ọdún 1990. Masutha, tí kò ríran, di Mínísítà ètò ìdájọ́ orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2014.

Ìtàn tí Nàìjíríà ní láti pàtẹ

Ní Nàìjíríà, ohun tí irú ìpàtẹ yìí lè gbé jáde wà káàkiri ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì ẹgbẹ́, àpótí ìwé àti ọkàn àwọn àgbàlagbà.

Apá kìíní ni ti ilé ẹ̀kọ́. Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ gba oyè ní Gallaudet láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1954, dé Gánà ní ọdún 1957, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rùwáńdà ní ọdún 1987, ó ti dá ilé ẹ̀kọ́ tí ó lé ní ọgbọ̀n sílẹ̀ ní Áfíríkà. Èdè ọwọ́ tí ó mú wá ni èdè ọwọ́ àwọn adití tí ó ti kàwé ní Nàìjíríà ti ṣẹ̀ wá. Ilé Ẹ̀kọ́ Afọ́jú Pacelli ṣí ní Sùúrùlérè, Èkó, ní ọdún 1962, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ wọn, sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977.

Apá kejì ni ti àwọn ènìyàn tí aráàlú mọ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tó gbalẹ̀. Benjamin Aderounmu, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kòkòrò, jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òndó òní. Kò ríran, ó sì fi orin kíkọ ní òpópónà jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní ọdún 2009. Ìtàn rẹ̀ ni a gbà pé Cyprian Ekwensi gbé The Drummer Boy, ìwé tí ó jáde ní ọdún 1960, lé lórí. Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, àwọn jagunjagun Biafra tí wọ́n farapa gbé ní Oji River, wọ́n ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ wọn lẹ́bàá títì níwájú gbogbo arìnrìn-àjò. Ní Barcelona ní ọdún 1992, Adeoye Ajibola, asáré tí apá rẹ̀ kan gé, gba wúrà ní ìdíje Paralympic.

Apá kẹta ni ti òfin, níbi tí ìtàn ti gùn jùlọ:

• 1992: a dá JONAPWD, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara Nàìjíríà, sílẹ̀.
• 1993: ìjọba ológun gbé òfin kan jáde lórí àwọn aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ lójú ayé.
• 2007: Nàìjíríà buwọ́ lu Àdéhùn Àgbáyé ní oṣù Kẹta.
• 2010: Nàìjíríà fi ìdí Àdéhùn náà múlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.
• 2011: Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí ó bí ọ́fíìsì LASODA.
• 2019: ní oṣù Kìíní, a kéde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó ka yíyà aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀.
• 2020: Àjọ Àpapọ̀ fún Àwọn Aláàbọ̀ Ara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
• 2024: ọdún márùn-ún tí òfin fún àwọn ilé gbogboògbò láti ṣàtúnṣe ọ̀nà àbáwọlé wọn pé ní oṣù Kìíní.

Kí òfin ọdún 2019 tó jáde, àbá rẹ̀ ti la ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọjá ju ìgbà kan lọ láìsí ìbuwọ́lù ààrẹ. Òfin náà fi owó ìtanràn 100,000 náírà lé ẹnìkan tí ó bá yà aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, àti 1,000,000 náírà lé ilé iṣẹ́. Ó tún ní kí àwọn ilé iṣẹ́ gbogboògbò fi ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Láàárín ọdún 1993 àti 2019, ọdún 26 ni ó kọjá. Ìwọ́de, lẹ́tà àti ìpàdé ọdún wọ̀nyẹn ni ohun tí ó rọrùn jù láti sọnù, nítorí pé òfin nìkan ni ó wọ ìwé ìjọba.

Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀

Ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí àwọn aláàbọ̀ ara pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ní agbára láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n bá pè wọ́n lẹ́yìn tí a ti tẹ àkọlé tán, ìyìn nìkan ni ó kù fún wọn láti ṣe. Ó yẹ kí onírúurú wọn wà níbẹ̀, nítorí pé ohun tí afọ́jú nílò lè jẹ́ ìdíwọ́ fún ẹlòmíràn: pẹ́pẹ́lẹ́ ilẹ̀ olórí-ṣóńṣó tí ó ń tọ́ ọ̀pá afọ́jú sọ́nà lè mi kẹ̀kẹ́ ẹni tí ó jókòó.

Kíkó ohun jọ. Ohun tí a ń wá ni ohun tí ọwọ́ lò: sílééti Braille àti abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọ̀pá tí ó ti gbó, kẹ̀kẹ́ tí wẹ́dà àdúgbò tún ṣe, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, káàdì ọmọ ẹgbẹ́, fọ́tò ìwọ́de. A gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tí ó ni ohun kọ̀ọ̀kan, ọdún tí ó lò ó àti bí yóò ṣe gbà á padà. Àwòrán aláìsàn tí àwọn míṣọ́nnárì tàbí dókítà yà láìgba àṣẹ ń béèrè ìṣọ́ra púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìpàtẹ fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láìlò.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìtàn àfẹnusọ ṣe pàtàkì níbi tí ìwé kò pọ̀. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohùn rẹ̀ yóò dé kí ó tó fọwọ́ sí i, ó sì lè gba á padà. Fún adití, kámẹ́rà ni a ń lò dípò ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lásán, ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àkọlé àti èdè. Àkọlé ògiri máa ń kúrú, lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń tóbi, kí àwọ̀ rẹ̀ sì hàn kedere lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn àti ìwé Braille gbọ́dọ̀ bá a rìn. Braille Yorùbá ní àmì tirẹ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ àti fún ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fi sínú gíláàsì yẹ kí ó ní ẹ̀dà tí ọwọ́ lè kàn.

Ọ̀nà àbáwọlé. Ìlànà tí a mọ̀ káàkiri ni pé fún sẹ̀ǹtímítà kan tí ilẹ̀ bá fi ga, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Pèpéle tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50 ń béèrè ọ̀nà mítà mẹ́fà. Pákó kúkúrú tí a gbé lé àtẹ̀gùn lójijì kì í ṣe ọ̀nà. Ó lè dojú kẹ̀kẹ́ dé. Tábìlì àfihàn nílò àlàfo tó bíi sẹ̀ǹtímítà 70 lábẹ́ rẹ̀ kí orúnkún ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọlé.

Àríyànjiyàn

Àríyànjiyàn tí ó wọ́pọ̀ jù dá lórí ojú tí a fi ń wo ẹni tí a pàtẹ. Àwòrán àánú máa ń mú owó wá, ṣùgbọ́n ó ń sọ ẹlẹ́tọ̀ọ́ di alágbe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1990 àti 1992, àwọn aláàbọ̀ ara wọ́de sí ètò tẹlifíṣọ̀n tí ó ń fi ẹkún tọrọ owó fún wọn. Ìtàn akọni náà ní àbùkù tirẹ̀: bí elére ìdárayá àti olórin nìkan bá wà lára ògiri, ẹni tí ó kàn fẹ́ wọ báàǹkì tàbí ilé ẹ̀kọ́ yóò dàbí ẹni tí kò sapá tó. Àwọn olùṣàríwísí tún máa ń béèrè ibi tí àwọn obìnrin, àwọn tí ọpọlọ wọn ń yọ lẹ́nu àti àwọn ará abúlé wà, nítorí pé àwọn ọkùnrin tí ó kàwé ní ìlú ńlá ni ìwé ẹgbẹ́ sábà máa ń dárúkọ.

Ní agbègbè omi: Etikan àti Ìlàjẹ

Ìbéèrè nípa ará abúlé yìí le jù níbi tí kò ti sí ọ̀nà ilẹ̀. Etikan jẹ́ ọ̀kan nínú ilẹ̀ ọba mẹ́rin ti àwọn Ìlàjẹ, pẹ̀lú Ugbo, Mahin àti Aheri, ní etíkun Ìpínlẹ̀ Òndó. Igbókọ̀dá ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé agbègbè náà, ilé dúró lórí òpó, afárá onípákó ni òpópónà, ọkọ̀ ojú omi sì ni mọ́tò. Ìlànà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a kọ fún ilẹ̀ líle kò tó níbẹ̀. Ibi tí ìdíwọ́ wà ni àlàfo láàárín ọkọ̀ àti èbúté, èyí tí ń ga tí ó sì ń lọ sílẹ̀ bí omi ṣe ń kún tí ó sì ń fà. Pákó tí ó jinná síra tí táyà tàbí ọ̀pá lè bọ́ sí. Àti afárá tí kò ní ohun tí afọ́jú lè dì mú.

Òfin ọdún 2019 ní apá tí ó kan èbúté àti ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà ẹ̀tọ́ ará Etikan kò parí sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Abala 11 nínú Àdéhùn Àgbáyé tún ní kí ìjọba dáàbò bo aláàbọ̀ ara nígbà ewu àti àjálù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀, tí ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò. Nígbà tí omi bá dé, ẹni tí kò lè sáré tàbí tí kò gbọ́ igbe ni ó wà nínú ewu jù. Omi kan náà ń gbé fọ́tò, ìwé àti káàdì lọ, ọ̀rinrin àti iyọ̀ sì ń ba èyí tí ó kù jẹ́.

Ìpàtẹ tí ó bá fẹ́ dé irú ibẹ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó máa ti èbúté dé èbúté, pẹ̀lú pátákó tí omi kò lè bà jẹ́ àti ohùn tí ó ń ti inú rédíò tàbí fóònù jáde. Ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà yóò fi sọ ìtàn rẹ̀ dáadáa jù ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni adití tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àmì ọwọ́ tí òun àti ará ilé rẹ̀ jọ dá sílẹ̀, tí ògbufọ̀ láti Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn kò ní mọ̀. Ará ilé náà ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà ohùn àti fọ́tò tí a gbà níbẹ̀ yẹ kí ó wà ní ibi méjì ó kéré tán, ọ̀kan lọ́wọ́ ìdílé, èkejì lórí ilẹ̀ gíga níbi tí òkun kò lè dé.